Bí Èmi àti Àwẹ̀ró Ṣe Gbé Kọ̀ǹpútà Ògbólógbòó Wọ Igbó Onílẹ̀kùn

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà máa rọra jẹ ẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi lọ́sàn-án yìí, mi ò fẹ́ kí ìró eyín gbé e lọ. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ bíbí ìlú Ìjẹ̀mọ́. Èmi ni ẹfọ̀n máa ń kí kó tó sá. Èmi ni mo bá iwin olójú mẹ́fà ta ayò títí ojú márùn-ún fi sùn lọ lórí rẹ̀, tí ẹ̀kẹfà ń bẹ̀ mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ má sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, òótọ́ ni! Mo ti yìnbọn fún ohun tí kò lórúkọ, mo sì sọ ọ́ lórúkọ kó tó ṣubú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìrìn àjò mi, èyí tó le jù lọ ni èyí tí n kò gbé ìbọn lọ rárá. Kọ̀ǹpútà ni mo gbé lérí.

Ẹ má wo ara yín lójú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ìyàwó mi, Àwẹ̀ró. Ó ti ṣe olùkọ́ ní ìlú yìí, òun ló sì kọ́ èyí tó pọ̀ nínú yín ní a, b, d. Ẹ mọ̀ pé àìsàn kan wọ̀ ọ́ lọ́fun, àwọn dókítà sì ní àfi kí wọ́n gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò kí ẹ̀mí má bàa bá a lọ. Wọ́n ṣe é, ẹ̀mí dúró, ohùn lọ. Láti ìgbà náà, síléètì kékeré kan ló so mọ́ ìbàdí, ṣọ́ọ̀kì ló sì fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, síléètì náà kì í sinmi. Bí mo bá fi bàtà wọlé, ṣọ́ọ̀kì á ti dún. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí i pé ó ń kọ̀wé dín kù. A lè jókòó láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kí síléètì mọ́ roro. Ẹ̀yin ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ lè rò pé ilé tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ dára. Kò dára. Ẹ̀rù bà mí ju ti ìgbà tí erin jókòó lé ẹsẹ̀ mi.

Ọmọ wa Tóyọ̀sí, tó ń gbé ní Ìbàdàn, wá kí wa pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀, Àńjọlá, tí a bí lẹ́yìn tí ohùn ìyá rẹ̀ àgbà ti lọ. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wá, èyí tó lò nílé ìwé nígbà ayé ìgbà kan. Ó wúwo bí ọlọ ata. Tóyọ̀sí ní, “Bàbá, ohun tí ń mú un ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́. Ètò tuntun kan ni mo fẹ́ fi sí i, wọ́n ń pè é ní Linux. Kò wúwo, ó máa ń jí kọ̀ǹpútà àtijọ́ dìde. Ohùn sì wà nínú rẹ̀. Bí Màmá bá ti tẹ ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà á pè é jáde.”

Ojú Àwẹ̀ró tàn bí fìtílà.

Tóyọ̀sí ki fíláàṣì, igi kékeré tó kó Linux sí, bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. Ìlà aláwọ̀ ewé kan yọ lójú rẹ̀, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti fi hàn wá bí Linux ṣe ń wọlé. Ó dé àárín, ó dúró. A pa á, a tún un ṣe. Ó dé àárín, ó dúró. Ọmọ mi ṣe é títí òógùn fi bò ó. Ọjọ́ tó máa padà síbi iṣẹ́ ló sọ pé, “Màmá, ẹ má bínú. Kọ̀ǹpútà yìí ti darúgbó. Ẹ jẹ́ ká jù ú nù.”

Àwẹ̀ró fa síléètì yọ. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Èmi náà ti darúgbó. Ṣé ẹ máa jù mí nù ni?*

Tóyọ̀sí bú sẹ́kún. Èmi ò sunkún o, ọdẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, eruku ṣọ́ọ̀kì ló wọ̀ mí lójú. Bí mo ṣe nu ojú mi tán, mo dìde dúró, mo ní, “Àwẹ̀ró, mo mọ ibi tí a ó gbé e lọ.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe ọdẹ lè má mọ̀ pé lẹ́yìn odò wa, níbi tí ọ̀nà oko ti parí, ni Igbó Onílẹ̀kùn wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láyé yìí ti ń lọ gba àṣẹ kíkọ̀. Rédíò tó dákẹ́, ẹ̀rọ ìlọta tó yarí, aago tó dúró, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wọn wà. Mo sọ fún Àwẹ̀ró pé èmi nìkan ni mo máa lọ, nítorí igbó náà kò ṣe é bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ó kọ̀wé: *Ta ló máa ka Gẹ̀ẹ́sì tí kọ̀ǹpútà bá kọ? Ṣé ẹ̀yin ni?*

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà mi.

Báyìí la ṣe gbéra. Èmi gbé kọ̀ǹpútà lérí. Àwẹ̀ró fi ọ̀já pọn pátákó sólà, èyí tí a fi ń ṣaájì fóònù, sẹ́yìn bí ọmọ tuntun, nítorí bátìrì kọ̀ǹpútà náà kò lè dá dúró bí kò bá mu oòrùn.

Ẹ gbọ́ bí igbó náà ṣe rí. Ilẹ̀kùn ló dúró káàkiri láàárín igi, kò sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ní kí n ṣe ọgbọ́n, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ kọjá. Ká tó ṣẹ́jú, ẹ̀yìnkùlé mi ni mo bá ara mi, ewúrẹ́ mi ń wò mí bíi pé òun mọ̀ pé mo máa padà. Mo tún sáré gba gbogbo ọ̀nà náà padà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró, ó ti jókòó lábẹ́ igi, ó ń jẹ ọsàn. Ó kọ̀wé: *Ilẹ̀kùn la máa ń gbà.*

A kan ilẹ̀kùn. Iwin kan ló ṣí i, imú rẹ̀ gùn débi pé ó ká a sórí itan bí okùn kànga. Agbóòórùn ni orúkọ rẹ̀.

“Kí lẹ gbé?”

“Kọ̀ǹpútà ni,” mo ní. “Linux kọ̀ láti wọlé sínú rẹ̀.”

“Èwo ló kọ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ṣé àlejò ló kọ̀ láti wọlé ni, àbí onílé ló kọ̀ láti gbà á?”

Mo gbá àyà, mo ní, “Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, tí ẹfọ̀n ń kí—”

“Mi ò bi ọ́ lórúkọ.”

Àwẹ̀ró tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ̀wé: *Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. A ò tíì mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá wa yẹ àlejò wò.* Ó na fíláàṣì sí i.

Agbóòórùn tú imú rẹ̀ ká, ó fà á gba ara fíláàṣì náà síwá sẹ́yìn. Ó fajú ro bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ wò. “Linux ló wà níbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Ọjọ́ tí ọmọ yín gbà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀. Apá kan já bọ́ sọ́nà. Ẹ̀ ń ní kí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn ni.”

“Ibo la ti máa rí èyí tó pé?”

“Nínú imú mi,” ni ó wí. “Ohun gbogbo tí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀ rí ló wà ńbẹ̀.”

Ó ki ìyẹ́ ẹyẹ bọ ihò imú kan, ó dojú ihò kejì kọ fíláàṣì, ó sì sín. Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi! Igi tẹ̀ dọ́balẹ̀. Àwọn ọ̀bọ tó wà lókè bọ́ sílẹ̀ bí èso. Fìlà mi ṣí kúrò lórí mi, ó ń lọ, mo sì gbàgbọ́ pé títí di ìsinsìnyí, kò tíì dúró. Nígbà tí ìjì náà rọlẹ̀, fíláàṣì gbóná lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Mo ti ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò yára dúpẹ́. Ó ní kí Agbóòórùn tún un gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. “Ó pé pérépéré.”

A tẹ́ pátákó sólà sí oòrùn, a tan ẹ̀rọ. Ìlà aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó dé ibi tó máa ń kú sí, ó kọjá! Mo fò sókè. Mo ń jó lọ́wọ́ nígbà tí Àwẹ̀ró fi ìka kan ìdí kọ̀ǹpútà, tó sì fa ọwọ́ yọ kíá bí ẹni tó fọwọ́ kan irin àgbẹ̀dẹ. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Ó kú fin-ín.

Ilẹ̀kùn kejì mú wa wọ ìlú Olóoru, níbi tí afẹ́fẹ́ ti jẹ́ èèwọ̀. Eruku ni àwọn ará ìlú náà, wọ́n rí múlọ́múlọ́, wọ́n rí eléèérú, kúbùsù ni wọ́n sì fi ń bora lójú oòrùn gangan. Fìlà mi ti lọ, nítorí náà mo já ewé, mo ní kí n fi fẹ́ ara mi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbá mi mú.

“Ó fẹ́ afẹ́fẹ́! Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ níwájú àwọn ọmọdé!”

Wọ́n fi kúbùsù wé mi láti ẹsẹ̀ dé ọrùn, mo di mọ́ínmọ́ín. Wọ́n gbé mi lọ síwájú Ọba Eruku, tó jókòó lórí ìrọ̀rí gàǹgà. Ó wò mí tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní, “Má bẹ̀rù, ọdẹ. Bí o bá pẹ́ díẹ̀ nínú kúbùsù yìí, ìwọ náà á di eruku, ara á sì tù ọ́. Àwọn ọmọ wa ti wà lọ́dọ̀ yín náà. Inú ẹ̀rọ tó o gbé wá yẹn, wọ́n ti tẹ ìletò dó yí fáànù rẹ̀ ká. Wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé ibẹ̀ gbóná dáadáa.”

Òógùn ń ṣàn lára mi bí omi òrùlé. Mo lérí, mo pe gbogbo orúkọ tí mo ń jẹ́, mo halẹ̀ pé n ó gbọn ìlú náà nù bí ẹní. Bẹ́ẹ̀ n kò lè gbọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, mo rí Àwẹ̀ró tó ń tú ọ̀já. Ó sọ pátákó sólà kalẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì í. Fùú! Ìjòyè fò lọ. Fùú! Ẹ̀ṣọ́ fò lọ tòun ti kúbùsù. Ọba pàápàá gbéra lórí ìrọ̀rí, ó lọ há sórí ẹ̀ka igi, ó ń ké pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹ́ mi dé odò! Mi ò mọ omi í wẹ̀!”

Bí mo ṣe jáde nínú kúbùsù, Àwẹ̀ró gba ọ̀bẹ tí mo fi ń bó ẹran. Ó fi ṣóńṣó rẹ̀ tú ìdè ìdí kọ̀ǹpútà, ó ṣí i. Ẹ wò ó, òótọ́ ni ọba sọ. Eruku ti dì mọ́ fáànù náà bí òwú inú tìmùtìmù, kò lè yí. Àwẹ̀ró ń fà á jáde, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń bú wa pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín. Ó fẹ́ wọn sí ojú ọ̀run, ó dé e padà. Nígbà tí a tan ẹ̀rọ, fáànù náà kọrin.

Ṣé ẹ rò pé ó ti tán? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo tún jó. Ìlà náà lọ jìnnà, ara ẹ̀rọ tutù, àmọ́ nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ jágbajàgba kún ojú rẹ̀. Àwẹ̀ró kà á lọ, ó kà á bọ̀, ó kọ̀wé: *Kì í ṣe èdè kankan. Ó ń sọ ìsọkúsọ.* Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó sì gbàgbé ohun tó ń ṣe láàárín.

Ní ilẹ̀kùn kẹta, àwọn iwin arúgbó méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ojú kan náà ni wọ́n ní, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́: Mọ̀-ọ́n. Àwọn ọkùnrin kan jókòó síwájú wọn, irùngbọ̀n wọn ti ta gbòǹgbò wọlẹ̀.

Wọ́n jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Orin kan là ń kọ. Bó bá dé àárín, á bàjẹ́. Ọ̀kan nínú wa ló ń bà á jẹ́, kò sì mọ̀ pé òun ni. Ta ni? Ẹni tí kò bá lè mọ̀ ọ́n kò ní kúrò níbí.”

Wọ́n kọ orin náà. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Ó wá dé àárín, ó wọ́ bí ìgbà tí èèyàn yọ̀ lórí àpáta. Mo ní kí wọ́n tún un kọ. Mo dojú kọ ẹnu ọ̀tún, n kò rí nǹkan. Mo dojú kọ ẹnu òsì, n kò rí nǹkan. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì láti gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ kan àgbọ̀n mi, irùngbọ̀n mi ti gùn dé àyà! Mo pariwo, “Àwẹ̀ró, gbà mí!”

Àwẹ̀ró jókòó jẹ́jẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí síléètì: *Kí ọ̀kan dákẹ́.*

Àwọn arúgbó náà wo ara wọn. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn rí. Ti ọ̀tún dákẹ́, ti òsì bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó dé àárín, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ oríṣiríṣi iṣu. Ti ọ̀tún wá dá a kọ. Ó kọ ọ́ dópin, kò ṣì í rárá.

Ti òsì fọwọ́ bojú. “Ṣé èmi ni? Gbogbo ìgbà yìí, ṣé èmi ni?”

Ìkejì rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó ní, “Àbúrò mi, máa pàtẹ́wọ́. Èmi á máa kọrin.” Ẹ ò bá gbọ́ bí àtẹ́wọ́ ọkùnrin yẹn ṣe dùn! Irùngbọ̀n àwọn tó jókòó sílẹ̀ já kúrò nínú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń fi ijó wá ọ̀nà ilé.

Àmọ́ Àwẹ̀ró kò jó. Ó ti tún ṣí ìdí kọ̀ǹpútà. Pátákó kéékèèké méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú rẹ̀, àwọn ni ẹ̀rọ náà fi ń rántí ohun tó ń ṣe. Ó yọ ọ̀kan, a tan ẹ̀rọ, ìsọkúsọ. Ó dá èyí tó yọ padà, ó yọ ìkejì, a tan ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ mọ́ ketekete. Èyí tó ń gbàgbé náà, mo so ó mọ́ ọrùn mi bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ wò ó níbí.

Ìlà aláwọ̀ ewé rìn títí, ó kù díẹ̀ kó dé òpin. Ó wá dúró. Àwẹ̀ró ka ohun tó kọ, ó sì wò mí bí ẹni tí kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Ó kọ ọ́ sí síléètì fún mi: *Ó ní òun kò lè gba Linux yìí, nítorí wọn kò tíì ṣe é. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é ṣì wà níwájú.*

“Níbo ni kọ̀ǹpútà yìí rò pé òun wà?”

Ilẹ̀kùn tó kàn ló dá mi lóhùn. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: ÌLÚ ÀNÁ.

A wọlé. Ojú ọjọ́ dára níbẹ̀. Ọkùnrin aṣọ́bodè kan tó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà ayé àtijọ́ kí wa, ó ní, “Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fa iná mànàmáná dé Ìjẹ̀mọ́?” Mo fẹ́ sọ fún un pé wọ́n ti fà á, wọ́n sì ti mú un lọ, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

“Àjàgbé!”

Ẹsẹ̀ mi dúró. Àwọn tó ń pè mí lóríkì yẹn ti kú tán, ó ku ẹnì kan ṣoṣo.

“Àjàgbé,” ni Àwẹ̀ró wí, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú ohùn rẹ̀, ohùn tó há díẹ̀ bíi ti ẹyẹ àdàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. “Àjàgbé, mo ń sọ̀rọ̀!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bàtà tí mo fi ń wọlé. Ó bọ́ sórí awọ ẹtu tí mo sá sórí àga rẹ̀. Ó bú mi nítorí ẹ̀gbọ́n mi, ó bú mi nítorí àbúrò mi, ó ní ọ̀rọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì kò lè gbà, òun ti tò ó pamọ́. Mo kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, mo ń gbọ́ èébú bí ẹni tó ń mu oyin. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó kọrin. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Aṣọ́bodè wá bá wa. Ó rọra sọ ọ́. “Ìyá, ẹ lè máa gbé níbí. Ẹni tí oòrùn bá kan àtàrí rẹ̀ nínú ìlú yìí ti di tiwa. Kò tíì kan àtàrí.”

Mo wo òkè. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Mo ní, “Àwẹ̀ró, jẹ́ ká dúró.” Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Oko mi, ìbọn mi, orúkọ mi láàárín àwọn ọdẹ, mo ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkàn mi kí n tó pa ẹnu dé.

Àwẹ̀ró bi aṣọ́bodè pé, “Ọmọ mi obìnrin kan ń jẹ́ Tóyọ̀sí. Ó wà níbí?”

“Ó wà. Ó ń lọ sílé ìwé.”

“Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Àńjọlá?”

Ọkùnrin náà mi orí. “A ò ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, Ìyá.”

Àwẹ̀ró dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. “Àjàgbé, ẹ gbé ẹrù yín. Àńjọlá mi kò sí níhìn-ín.” Ó yíjú sí aṣọ́bodè. “Kọ̀ǹpútà wa rò pé ìlú yín lòun ń gbé. Kí ló dé?”

“Bátìrì róbótó kan wà nínú rẹ̀ tí ń rán aago rẹ̀ létí ọjọ́. Ó ti kú, ìyẹn ni kò ṣe kúrò lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá ti jáde, ẹ fọwọ́ yí aago náà sí ọjọ́ òní. Títí ẹ ó fi rí bátìrì mìíràn, ẹ máa yí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án.”

A sáré. Oòrùn ń bọ̀ lórí wa, Àwẹ̀ró ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sáré, kò fẹ́ kí ọ̀kankan ṣẹ́kù. A dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ké sí mi, “Àjàgbé, ẹ má gbàgbé—” A sì ti kọjá. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, kò sí ohùn.

Mo dì í mú léjìká. “Kí ni kí n má gbàgbé? Àwẹ̀ró, kí ni?”

Ó fa síléètì yọ, ó kọ ọ́: *Pátákó sólà. Ẹ ti fi í sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.*

Ẹ ò rí bí mo ṣe sá padà! Mo wọlé, mo já a gbà lábẹ́ ojú oòrùn, mo fò jáde báyìí tí ooru rẹ̀ ti ń kan irun mi. Ẹ wò ó, irun àárín orí mi yìí kò funfun bíi ti ẹ̀gbẹ́. Ìlú Àná ló gbà á lọ́wọ́ ewú.

Àwẹ̀ró fọwọ́ ara rẹ̀ yí aago náà sí òní. Ìlà aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará igbó ti gbọ́, wọ́n ń dé. Agbóòórùn gbé imú rẹ̀ ká ọrùn wá. Àwọn Mọ̀-ọ́n méjèèjì wá, ọ̀kan ń kọrin, ọ̀kan ń pàtẹ́wọ́. Ọba Eruku dúró lókèèrè, ó fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ òkúta. Kò sẹ́ni tó mí. Ìlà náà dé àárín, ó kọjá. Ó dé ibi ooru, ó kọjá. Ó dé ibi ìsọkúsọ, ó kọjá. Ó dé òpin! Ojú kọ̀ǹpútà mọ́ bí òwúrọ̀, Àwẹ̀ró kà á, ó sì kọ ọ́ sí síléètì: *Ó ti wọlé.*

Ó wá ètò ohùn náà nínú rẹ̀ títí ó fi rí i. Ó na ìka, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, ó wò mí. Ẹ̀rọ náà la ẹnu. Ohùn ọkùnrin kan ni, tó ń fi imú sọ̀rọ̀, tí kò mọ àmì ohùn kankan nínú èdè wa.

“AJÁ. GBÉ.”

Mo ní, “Ta ni ajá tó gbé? Ṣé èmi ni?”

Àwẹ̀ró fọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń wá bọ́tìnì pẹ̀lú omijé lójú, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà sọ ọ́ bí sájẹ́ǹtì tó ń ka ṣọ́jà:

“HA. HA. HA.”

Mo ṣubú lulẹ̀. Imú Agbóòórùn ta kókó nítorí ẹ̀rín. Ọba Eruku rẹ́rìn-ín títí ó fi fọ́n ká, ó sì ní láti kó ara rẹ̀ jọ. Bí ọ̀kan nínú wa bá ṣe bí ẹni tó fẹ́ dákẹ́, Àwẹ̀ró á tún tẹ̀ ẹ́: “HA. HA. HA.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe rìn jáde nínú Igbó Onílẹ̀kùn.

Nígbà tí Tóyọ̀sí gbé Àńjọlá wá, ìyá àgbà fi ẹ̀rọ náà kí i. Ọmọ náà wá ohùn lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó wo ojú ìyá àgbà. Ó na ọwọ́ kékeré rẹ̀, ó fi kan ẹnu rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi parí.

Láti ìgbà náà, n kò tíì rí àyè sọ̀rọ̀ nínú ilé mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè yín jọ sábẹ́ igi yìí. Mo ṣì ní ti erin tó jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, tí ó bá jẹ́ pé—

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́ ọ? Láti ojú fèrèsé lọ́hùn-ún?

“AJÁ. GBÉ. IYÁN. TI. Ń. TUTÙ.”

Ẹ dìde, ẹ gbọn ìdí aṣọ yín, kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀. Mò ń bọ̀ o, Àwẹ̀ró! Mo ti ń bọ́ bàtà lọ́nà!